Kọ́kọ́rọ́ Kejì Ìwé Ẹsẹ̀

Ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ ló kọ́kọ́ wọlé kí òun fúnra rẹ̀ tó wọlé. Kò… ki. Kò… ki. Bí ìgbà tí ènìyàn ń ju òkúta ńlá sílẹ̀, tó sì ń fi wẹ́wẹ́ tẹ̀ lé e.

Abẹ́ tábìlì ni Awọnsẹ̀ wà nígbà náà. Bí ẹnikẹ́ni bá bi í, á ní ìṣó tó jábọ́ lòun ń ṣà, ṣùgbọ́n irọ́ ni, ẹkún ló lọ ń sun níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bàtà ni ojú rẹ̀ kọ́kọ́ bá pàdé: bàtà dúdú méjì tí wọ́n kùn títí tí wọ́n ń dán, ṣùgbọ́n tí gìgísẹ̀ tòsì ti ṣí, tí ìṣó mẹ́ta yọ síta bí eyín arúgbó. Ó gbójú sókè. Ṣòkòtò tí òjò ti rẹ, tó rin gbingbin. Ó tún gbójú sókè. Ọkùnrin gíga kan, pẹ́lẹ́ńgẹ́, tí omi ń kán tó-tó-tó ní àgbọ̀n rẹ̀, tó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó mọ̀ pé òun ti ba ilẹ̀ onílẹ̀ jẹ́.

Ọkùnrin arẹwà, ìgbà tí ikun bá wà nímú ẹni gan-an ni wọ́n máa ń dé!

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Àǹtí," ni ọkùnrin náà wí. "Gìgísẹ̀ bàtà mi ló kọ̀ mí sílẹ̀ lójú títì."

Awọnsẹ̀ jáde lábẹ́ tábìlì, ó fi etí ẹ́pírọ̀ọ̀nù nu imú. "Ẹ jókòó, Ọ̀gá. Gìgísẹ̀ ò kọ̀ yín sílẹ̀. Ọjọ́ ti pẹ́ tí ẹ ti ń tẹ̀ ẹ́ ju èkejì rẹ̀ lọ."

Kíá lọkùnrin náà fa ẹsẹ̀ òsì sẹ́yìn, ó fi ti ọ̀tún bò ó. Awọnsẹ̀ rí i, kò sì wí nǹkan kan. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti rí i, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti dákẹ́.

Nítorí pé ilé tí à ń wí yìí, bàtà fún ẹsẹ̀ tí kò dọ́gba ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan gùn ju èkejì, ẹni tó ní ìka mẹ́fà, ẹni tí àìsàn ti ká ẹsẹ̀ rẹ̀ kò bí ewé gbígbẹ, gbogbo wọn ló ń wá. Bàbá Oníbàtà á gbẹ́ ẹsẹ̀ onígi tó jọ tiwọn gẹ́lẹ́, á na awọ lé e lórí, á rán an, á kàn án, wọn á sì rìn jáde bí ẹni tí Ọlọ́run fi rúlà wọ̀n. Ọmọ rẹ̀ obìnrin kan ṣoṣo ló ń fi téèpù wọn ẹsẹ̀ náà. Ohun tó sọ ọ́ ní Awọnsẹ̀ nìyẹn, orúkọ tòótọ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọmi.

Gbogbo ohun tí wọ́n bá wọ̀n, inú ìwé ẹsẹ̀ ló ń lọ. Ogójì ọdún ni wọ́n ti ń kọ ìwé náà. Bàbá a máa wí pé: "Ohun tí a bá rí lẹ́sẹ̀ ènìyàn, ẹsẹ̀ náà nìkan la ń bá a sọ." Àwọn kan wà nínú ìwé yẹn tí ọkọ wọn ò mọ̀ pé bàtà wọn ní àfikún nínú.

Ọdún méjì sẹ́yìn ni Awọnsẹ̀ bẹ Bàbá pé kí wọ́n gbé iṣẹ́ náà sórí ìtàkùn ayélujára, kí ẹni tó wà lọ́nà jíjìn lè ya àwòrán ẹsẹ̀ rẹ̀ ránṣẹ́.

"Ìtàkùn?" ni Bàbá wí nígbà náà. "Ọmọ mi, ejò ló máa ń gun ìtàkùn."

Ó bẹ̀ ẹ́, ó bẹ̀ ẹ́, Bàbá gbà. Òun fúnra rẹ̀ ló jókòó da ìwé ẹsẹ̀ kọ síbẹ̀, láti orí ẹni àkọ́kọ́ dé orí ẹni tó wá lánàá. Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí òjò ń rọ̀ yìí, ó ṣí kọ̀ǹpútà kó wo ẹni tó ránṣẹ́. Ojúde ìtàkùn wọn, tó kún fún àwòrán bàtà aláràbarà tẹ́lẹ̀, ti dúdú bí inú ìkòkò. Lẹ́tà funfun ni wọ́n fi kọ ọ́ síbẹ̀:

A TI WO INÚ ÌWÉ YÍN. LỌ́JỌ́ ẸTÌ LA Ó PÀTẸ GBOGBO ẸSẸ̀ YÍN FÚN AYÉ WÒ.

Ohun tó gbé e wọ abẹ́ tábìlì nìyẹn.

Ojú àlejò ti lọ síbi kọ̀ǹpútà. Awọnsẹ̀ sáré na ọwọ́ kó pa á.

"Ẹ má pa á!" Ọkùnrin náà ti dìde. "Ẹ jọ̀ọ́. Tí ẹ bá pa á, ẹ ó pa ipa ẹsẹ̀ olè rẹ́."

Ọwọ́ Awọnsẹ̀ dúró lójú afẹ́fẹ́. "Ẹ̀yin ta ni?"

"Àwọn ará ibi iṣẹ́ mi ń pè mí ní Agbálẹ̀. Ìtàkùn tí olè bá ti wọ̀, èmi ni mo máa ń gbá a, tí mo máa ń ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa dà." Ó wo ojú rẹ̀ tó wú. "Ẹ kú ìfaradà o. Mo mọ bó ṣe máa ń rí. Bí ìgbà tí ènìyàn jí, tó bá àlejò lẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì."

Bó ṣe rí lára Awọnsẹ̀ gẹ́lẹ́ nìyẹn, kò sì tíì rí ẹni tó bá a sọ ọ́.

Agbálẹ̀ fa àpótí kan, ó jókòó. Ó kọ́kọ́ ti ojúde ìtàkùn náà pa, kí oníbàárà kankan má baà já sínú rẹ̀. Ó da ohun gbogbo tó wà níbẹ̀ kọ sí ibòmíràn, àti rere àti burúkú, nítorí pé bí a ò bá mọ bí olè ṣe wọlé, a ò tíì lé e jáde. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í tú fáìlì wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ta ló mọ ọ̀rọ̀ tí ẹ fi ń ṣílẹ̀kùn? Páásíwọ́ọ̀dù yín?"

"Èmi nìkan."

"Ó dá yín lójú?"

"Ó dá mi lójú ṣáká."

"Ìwé ẹsẹ̀ náà ńkọ́?"

Awọnsẹ̀ rẹ ohùn sílẹ̀. "Yàrá inú ìtàkùn náà ló wà. Ọ̀tọ̀ ni kọ́kọ́rọ́ ibẹ̀. Kò sí níwèé kankan, orí mi ló wà. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún yín, kí ẹ lè wò ó bóyá…"

"Rárá." Agbálẹ̀ gbé ọwọ́ sókè. "Ẹ má sọ ọ́ fún èmi pàápàá."

Ó ní kí wọ́n pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ ojúde lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin tí kò bára tan rárá ni kí wọ́n tò pọ̀, kí ẹnikẹ́ni má lè rò ó kàn.

"Ẹyẹ," ni Awọnsẹ̀ wí.

"Ó dáa."

"Àkàbà. Iyọ̀."

Agbálẹ̀ wo ara rẹ̀, omi ṣì ń kán. "Ṣòkòtò."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Awọnsẹ̀ kó tó mọ̀. Ẹ̀rín àkọ́kọ́ rẹ̀ láti àárọ̀ nìyẹn, ó sì dẹ́rù bà á díẹ̀, bí ẹni rẹ́rìn-ín nílé òkú.

Nígbà tí oòrùn tún yọ, tó ń lọ sí ìwọ̀, Agbálẹ̀ dìde. Ìtàkùn ti mọ́. Bàtà rẹ̀ kò tíì ṣe é wọ̀, nítorí náà ó wọ sálúbàtà ilé náà lọ. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó yíjú pa dà.

"Àǹtí, gìgísẹ̀ nìkan ni kí ẹ tún ṣe o. Ẹ má fọwọ́ kan inú rẹ̀."

Ara rẹ̀ ò balẹ̀ bó ṣe sọ ọ́. Ó lọ. Kò… ki. Kò… ki.

Bó ṣe lọ tán ni Bàbá Oníbàtà jáde láti yàrá ẹ̀yìn, òòlù lọ́wọ́, ìṣó méjì lẹ́nu. "Ọmọ mi, mo gbọ́ pé wọ́n pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́. Tèmi dà?"

Òfin ilé nìyẹn. Láti ọjọ́ tí ìyá Awọnsẹ̀ ti kú, Bàbá ti sọ ọ́: kò sí ilẹ̀kùn kan nínú ilé òun tí òun kò ní ní ẹ̀dà kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Awọnsẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ mẹ́rin náà fún un. Bàbá ò mọ̀wé, kò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ "a" kó tó kan "b". Ṣùgbọ́n orí ẹni tí kò kàwé, ìwé ni. Kò pẹ́ tí òòlù fi bẹ̀rẹ̀ sí í dún lẹ́yìn, tí orin ń bá a lọ:

*Ẹyẹ gun àkàbà,*
*Ó lọ ra iyọ̀ lókè,*
*Ṣòkòtò rẹ̀ já bọ́,*
*Ẹyẹ ń sá, ẹyẹ ń sá!*

Láàárọ̀ Ọjọ́rú, Awọnsẹ̀ gbọ́ tí Bàbá ń rẹ́rìn-ín lórí fóònù níyàrá ẹ̀yìn. Inú rẹ̀ dùn pé ẹnì kan ń rẹ́rìn-ín nínú ilé. Ó ṣí kọ̀ǹpútà.

Dúdú.

AGBÁLẸ̀, Ẹ KÚ IṢẸ́ O. Ẹ GBÁ IGUN KEJÌ.

Agbálẹ̀ dé, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. "Wọ́n mọ orúkọ mi."

"Ṣé wọ́n ń rí wa ni?" Awọnsẹ̀ ń wo ojú kámẹ́rà kékeré tó wà lórí kọ̀ǹpútà, ojú tó ti wà níbẹ̀ láti ọdún méjì, tí kò kà sí rí. Ó gé awọ bíńtín, ó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn.  Síbẹ̀, bí ẹnikẹ́ni bá kọjá lójú fèrèsé, á fò sókè.

Wọ́n jókòó ti ara wọn, wọ́n ń wá a. Wọ́n rí fáìlì kan tó ń jẹ́ orúkọ ilé, tó wọ aṣọ ilé, tí kì í sì í ṣe ọmọ ilé. Agbálẹ̀ wú u tegbòtegbò. Ó ti gbogbo fèrèsé àtijọ́ tí wọn kò lò mọ́, ó mú àwọn èyí tó ti gbó, ó fi tuntun rọ́pò wọn.

"Ṣé ẹ̀rù kì í bà ọ́ nínú iṣẹ́ yìí?" Awọnsẹ̀ ò mọ ìgbà tí "ẹ" di "o" lẹ́nu òun.

Agbálẹ̀ mọ̀. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i. "Ó ń bà mí lójoojúmọ́. Ẹni tí ẹ̀rù kì í bà kì í ti ilẹ̀kùn."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Mo rò pé èmi nìkan ni ojo."

"Ojo tó wà lẹ́nu iṣẹ́ láti aago mẹ́jọ àárọ̀? Irú ojo bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́, kí ẹnikẹ́ni má fún mi ní òmíràn." Ọwọ́ wọn pàdé lórí tábìlì, lórí ẹ̀rún awọ àti ìṣó. Kò sẹ́ni tó yára gbé tirẹ̀ kúrò.

Kí ó tó lọ, wọ́n to ọ̀rọ̀ mẹ́rin tuntun. Bàbá tún béèrè kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Òòlù tún dún:

*Ìgbín ra búrẹ́dì,*
*Òjò pa á lọ́nà,*
*Abẹ́rẹ́ ló fi ṣọ̀pá,*
*Ìgbín rọra o, ìgbín rọra!*

Ọjọ́bọ̀ ló burú jù. Awọnsẹ̀ ṣí kọ̀ǹpútà, kò sì sí ọ̀rọ̀ kankan níbẹ̀. Àwòrán ló wà. Ẹsẹ̀ mẹ́ta. Kò sí orúkọ lára wọn, ṣùgbọ́n ó mọ̀ wọ́n bí abiyamọ ṣe ń mọ orí ọmọ rẹ̀ nínú èrò. Ẹsẹ̀ àárín ní ìka mẹ́fà: ti Ìyá Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni, èyí tí wọn kò tíì rán bàtà rẹ̀ tán. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀: LỌ́LA, TÀWỌN YÒÓKÙ, TORÚKỌ-TORÚKỌ.

Ó jókòó láìwẹ̀yìn, orí ẹsẹ̀ onígi ló jókòó lé.

Aláwọ, ọkùnrin tó ń kó awọ wá fún wọn, wà nínú ilé lásìkò náà. Ó ti tó ọdún kan tó ti ń wo Awọnsẹ̀ bí ẹni ń wo awọ tó dáa, tó ń fọwọ́ pa á lójú. Ó yọ ọrùn wò ó, ó sì mi orí.

"Bàbá," ló wí, "kí ẹ má bínú o. Ọjọ́ wo ni ọkùnrin yìí dé? Ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ọjọ́ wo ni olè dé? Ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ẹni tó ń pa iná kiri, ẹ yẹ ọwọ́ rẹ̀ wò, bóyá ìṣáná ò sí níbẹ̀."

Bàbá wo ọmọ rẹ̀. "Ta ló mọ kọ́kọ́rọ́ tuntun?"

"Èmi àti òun," ni Awọnsẹ̀ wí.  Òun àti Agbálẹ̀ nìkan. Ta ló kù?

Ẹnu ọ̀nà ni Agbálẹ̀ dúró sí, ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Sálúbàtà ilé náà ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Kò gbèjà ara rẹ̀. Ojú Awọnsẹ̀ ló ń wò, bí ẹni tó ń dúró de ẹ̀rí kan ṣoṣo.

Awọnsẹ̀ kò lè wò ó. "Ọ̀gá," ni ó wí, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa lọ ná."

"Ọ̀gá" àti "ẹ"! Bí wọ́n bá gbá a létí, kò ní dùn ún tó bẹ́ẹ̀. Ó tẹrí ba fún Bàbá, ó yíjú, ó lọ. Aláwọ náà kó àpò rẹ̀, ó ní òun á pa dà wá wò wọ́n nírọ̀lẹ́. 

Awọnsẹ̀ ò mọ ohun tó lè fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe. Ó mú bàtà Agbálẹ̀, ó ní ó kéré tán kí òun fi gìgísẹ̀ oníbàárà sílẹ̀ ní pípé. Ó kan ìṣó àkọ́kọ́. Nǹkan kan yẹ̀ nínú bàtà náà. Ó rántí ohun tí ọkùnrin náà sọ pé kó má fọwọ́ kan, ó sì fọwọ́ kàn án.

Páálí ni. Páálí ẹlẹ́ẹ̀mẹrin, ẹlẹ́ẹ̀márùn-ún, tí wọ́n gé ní ìrísí ẹsẹ̀, tí wọ́n fi òwú di pọ̀. Òógùn ti sọ ọ́ dúdú. Etí rẹ̀ ti jẹ, wọ́n sì ti fi tuntun lé e, wọ́n tún ti fi tuntun lé tuntun. Ọkùnrin tó mọ bí wọ́n ṣe ń tún ilé gbogbo ayé ṣe, orí páálí ló ń rìn, kí ẹnikẹ́ni má baà mọ̀ pé ẹsẹ̀ òun kan kúrú.

Awọnsẹ̀ di páálí náà mú. Ẹni tó ń fi irú èyí bo ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ṣé òun ló máa tú ẹsẹ̀ ẹlẹ́sẹ̀ síta? Ó tún rántí: *Ẹ má sọ ọ́ fún èmi pàápàá.* Kọ́kọ́rọ́ yàrá inú, òun gbé e fún un ní àtẹ́lẹwọ́, Agbálẹ̀ kọ̀ ọ́.

Nígbà náà ni fóònù dún níyàrá ẹ̀yìn.

"Háà, ọmọ dáadáa!" Ohùn Bàbá ni. "O tún pè? Orúnkún mi sàn díẹ̀, o ṣeun… Àbí? Èyí tí mo kọ fún ọ láàárọ̀ yẹn? Ti ìgbín tó ra búrẹ́dì? Ó ṣí? Ó dáa bẹ́ẹ̀. Mo sọ fún ọ pé orin mi kì í jáni kulẹ̀."

Awọnsẹ̀ dìde.

"Yàrá inú? Yàrá inú wo? Ọmọ mi ò sọ fún mi pé a ní yàrá inú. Dúró ná, má bínú, n ó bi í. Bó bá ti sọ ọ́ fún mi, n ó kọ ọ́ lórin fún ọ."

Ó jáde, fóònù létí, ẹ̀rín lẹ́nu. Ó rí ojú ọmọ rẹ̀. Ẹ̀rín náà kú díẹ̀díẹ̀, bí fìtílà tí epo rẹ̀ tán.

Awọnsẹ̀ gba fóònù, ó pa á. "Bàbá, ta nìyẹn?"

"Ọmọ ilé-iṣẹ́ tó ń bá wa tọ́jú ìtàkùn ni. Láti oṣù tó kọjá ló ti ń kí mi láràárọ̀. Ó ní kí n má yọ ọ́ lẹ́nu, pé ọwọ́ rẹ kún. Ó mọ ìkíni, ọmọ mi. Ó máa ń béèrè orúnkún mi." Bàbá wo fóònù náà. "Mo bá a sọ̀rọ̀ Agbálẹ̀ pàápàá. Àbí… kì í ṣe…?"

"Kì í ṣe, Bàbá."

Bàbá wá ibi jókòó, kò tètè rí i. Ogójì ọdún tó fi di ẹnu, inú orin ló ti já.

Awọnsẹ̀ fẹ́ kígbe, ṣùgbọ́n ta ni yóò kígbe mọ́? Òun ló ní òun nìkan ló mọ kọ́kọ́rọ́. Ó sọ kọ́kọ́rọ́ fún Bàbá lẹ́ẹ̀mẹta, kò sì kà á mọ́ àwọn tó mọ̀ ọ́n, kódà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nítorí pé Bàbá ò mọ̀wé. Ó ti rú òfin ilé pẹ̀lú, ó fi yàrá inú pamọ́.

"Ẹ dárí jì mí," ló wí. "Èmi ni mo kọ́kọ́ fi kọ́kọ́rọ́ pa mọ́ fún yín."

"Èyí tó o fi pa mọ́ yẹn ló kó wa yọ," ni Bàbá wí. Ó nu ojú. "Kí lo dúró ṣe? Sáré! Ìtàkùn tó bá ní kí erin má kọjá, òun àterin ni wọ́n á jọ lọ. Má jẹ́ kí erin tiwa lọ!"

Awọnsẹ̀ sáré jáde tòun ti ẹ́pírọ̀ọ̀nù, bàtà kan lọ́wọ́ ọ̀tún, páálí lọ́wọ́ òsì. Ó sáré kọjá ilé títẹ̀wé, ó sáré kọjá ibi tí wọ́n ti ń ta òdòdó. Ẹ̀rù tó bà á nígbà yẹn ju ti gbogbo ọ̀sẹ̀ náà lọ, nítorí pé ìtàkùn tó bá bàjẹ́ ṣe é tún ṣe. Ó rí i lórí bẹ́ǹṣì ibùdókọ̀, ó dorí kodò.

"Ìwọ!" ni Awọnsẹ̀ wí, èémí rẹ̀ ń já. "Má wọkọ̀."

Agbálẹ̀ gbójú sókè. Ó rí páálí. Ojú tì í tó bẹ́ẹ̀ tó fi dìde láti sá, àmọ́ sálúbàtà kì í jẹ́ kí ènìyàn sá dáadáa.

"O fọwọ́ kan inú rẹ̀," ló wí.

"Mo fọwọ́ kàn án. Ṣé wàá bínú sí mi?"

"Mo ti ń bínú sí ọ tẹ́lẹ̀."

"Ó dáa. Kó gbogbo rẹ̀ pọ̀, kó o bínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà." Ó kúnlẹ̀ níbẹ̀, lójú gbogbo èrò ọkọ̀, ó fi bàtà náà wọ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀. "Bàbá mi ló ń kọ páásíwọ́ọ̀dù lórin fún olè. Mo fura sí ọ, mo ṣẹ̀ ọ́. Má lọ."

Agbálẹ̀ jókòó pa dà. "Ó kọ ọ́… lórin?"

"Olórin ló wà nílé wa, a ò lè lé e jáde."

Ẹ̀rín tó bú jáde lẹ́nu Agbálẹ̀ mú kí awakọ̀ dá ọkọ̀ dúró wò ó.

Wọ́n pa dà. Agbálẹ̀ ṣí àkọsílẹ̀ gbogbo ẹni tó ti kan ilẹ̀kùn.  Igba ìgbà ó lé ni olè ti kan ilẹ̀kùn yàrá inú. Kò wọlé lẹ́ẹ̀kan. Ẹsẹ̀ mẹ́ta tó rí, àwọn tí oníbàárà ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ránṣẹ́ ni, tí Awọnsẹ̀ fi sílẹ̀ lójúde tí kò tíì gbé wọlé.

Ọ̀sán ọjọ́ náà, àwọn méjèèjì lọ sílé àwọn mẹ́ta náà, wọ́n jẹ́wọ́. Ìyá Olùkọ́ gbọ́ ọ, ó sì na ẹsẹ̀ síwájú. "Ọmọ mẹ́fà ni mo bí. Ẹsẹ̀ yìí ni kì í jẹ́ kí n ṣì wọ́n kà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa wò ó!" Ẹnì kejì ní kí wọ́n ṣáà jẹ́ kí bàtà òun yá. Ṣùgbọ́n ẹnì kẹta gbọ́ ọ tán, ó rọra ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn lójú. Kò bú wọn. Ìyẹn ló dùn wọ́n jù.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, fóònù dún. Gbogbo wọn wo ara wọn. Bàbá gbé e, ó sì kọrin sí i:

*Ọmọ dáadáa tó ń kí mi,*
*Ohùn rẹ dùn, ọwọ́ rẹ ò mọ́.*
*Ilẹ̀kùn wa ti di méjì o,*
*Ọ̀kan lẹ́nu mi, ọ̀kan lọ́wọ́ ọmọ mi,*
*Pa dà sílé, ilé wa kún!*

Ẹni tó wà lódì kejì pa fóònù.  Kò pè mọ́.

Òótọ́ sì ni orin náà. Agbálẹ̀ ti fi àgádágodo kejì sí i: bí ẹnikẹ́ni bá mọ ọ̀rọ̀ mẹ́rin náà, nọ́ńbà kan gbọ́dọ̀ wọ fóònù Awọnsẹ̀ kí ilẹ̀kùn tó ṣí, nọ́ńbà náà kì í sì í lò tó ìṣẹ́jú kan. "Bàbá, ẹ lè máa kọ tiyín lórin," ni Agbálẹ̀ wí. "Òfin ilé dúró." Bàbá yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní eruku awọ ló kó sí òun lójú.

Wọ́n jókòó ti kọ̀ǹpútà láti àárọ̀ títí di aago mẹ́rin, wọ́n ń wo ojúde bí ẹni ń ṣọ́ ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná. Gbogbo bàtà aláràbarà wà níbẹ̀. Kò dúdú. Kò dúdú.

"Ó ku nǹkan kan," ni Agbálẹ̀ wí. Kò wo ojú Awọnsẹ̀. "Bí fóònù rẹ bá sọnù, nọ́ńbà ẹnì kejì gbọ́dọ̀ wà. Ẹni tí kò ní lọ lọ́la ni kó o fi síbẹ̀ o."

"Ìwọ, ṣé ò ń lọ lọ́la?"

"Bí wọ́n bá tún pè mí ní Ọ̀gá, mo lè lọ."

"Bọ́ bàtà rẹ, arẹwà alágídí."

Agbálẹ̀ dúró gbagidi. Ẹ̀rù ba òun náà, ó hàn. Ọdún mélòó ni kò tíì fi ẹsẹ̀ yẹn han ẹnikẹ́ni? Ó rọra bọ́ ọ. Awọnsẹ̀ fi téèpù wọ̀n ọ́n, ó rọra, bí ẹni tó di ẹyin mú. Lẹ́yìn náà ló gbé ògbólógbòó ìwé ẹsẹ̀ wá, kò ṣí ibi tí àwọn oníbàárà wà. Ojú ewé àkọ́kọ́ ló ṣí. Ẹsẹ̀ Bàbá wà níbẹ̀, ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ tó ti lọ wà níbẹ̀, tirẹ̀ náà wà níbẹ̀ láti ìgbà tó ti jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ta. Ó kọ tòsì, ó kọ tọ̀tún.

"Agbálẹ̀," ni Bàbá Oníbàtà wí láti ẹnu ilẹ̀kùn ẹ̀yìn.

"Bàbá."

"Ojú ewé ilé nìyẹn. A kì í pa ohun tó bá wọ ibẹ̀ rẹ́ o."

"Mo gbọ́, Bàbá. Ẹ má fi pẹ́ńsùlù tó ṣe é pa rẹ́ kọ ọ́, ẹ fi tàdáwà tó le kọ ọ́."

Bàbá fi ọwọ́ ara rẹ̀ rán bàtà náà, ọ̀sẹ̀ kan ló gbà. Ọjọ́ tó yá, Agbálẹ̀ wọ̀ ọ́, kò sí páálí nínú rẹ̀, ó sì rìn láti ìdí tábìlì lọ sí ẹnu ọ̀nà. Awọnsẹ̀ di ojú, ó ń tẹ́tí.

Kò. Kò. Kò. Kò.

Ó dé ẹnu ọ̀nà. Ó fọwọ́ kan àgádágodo, ó fà á wò lẹ́ẹ̀mejì bí ìṣe rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ìró ẹsẹ̀ náà yí pa dà, ó ń bọ̀.

Awọnsẹ̀ kọjá lára rẹ̀, ó lọ ti ilẹ̀kùn, ó sì pa dà wá bá Agbálẹ̀ nínú ilé.